Ọ̀nà Ìpadàwọlé: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Àkáǹtì Wa Lórí Fóònù àti Kọ̀ǹpútà

Ímeèlì, WhatsApp, Facebook, áàpù báńkì, àwòrán ọmọ, ìwé ẹ̀rí tí a yà sínú fóònù: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn wà, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí bí ó ṣe yẹ kí ilẹ̀kùn ọ̀hún rí. Ẹnì kan á ní kí páswọ́ọ̀dù gùn kó sì le. Òmíràn á ní ká kó gbogbo wọn sínú áàpù kan. Ẹ̀kẹta á ní kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí síìmù ló dájú. Àwọn mìíràn sì ti ń sọ pé páswọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ti di ohun àná. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú wọn. Mo fẹ́ gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni n ó máa bi gbogbo wọn: bí fóònù bá sọnù lónìí, tàbí tí nọ́ńbà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀nà wo ni ẹni tó ni àkáǹtì yóò gbà padà wọlé, ta ni ó sì tún lè gba ọ̀nà yẹn? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí fìdí kalẹ̀ sí ju bí kọ́kọ́rọ́ ṣe le tó lọ.

Àwọn kan á ní kí ni olè fẹ́ rí lọ́wọ́ àwọn, nígbà tí kò sówó ní báńkì. Àmọ́ ẹni tó ń gba WhatsApp onítọ̀hún kì í sábà wá owó rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ń wá, àti àwọn tó fọkàn tán an. Bó bá ti wọlé, yóò máa fi orúkọ náà yáwó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ará ìjọ àti ẹlẹ́gbẹ́ nínú àjọ, wọn kò sì ní fura, torí nọ́ńbà tí wọ́n mọ̀ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ náà ní orúkọ tí a lè bà jẹ́.

Páswọ́ọ̀dù tó le, tó sì ń yí padà

Èrò yìí ló dàgbà jù. Páswọ́ọ̀dù wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò CTSS tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò. Wọ́n kọ́kọ́ fi ètò náà han aráyé ní 1961. Kò pẹ́ tí àṣírí fi tú: ní 1962, Allan Scherr tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì páswọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn jáde sórí bébà, kí òun lè rí àsìkò lò kọjá èyí tí wọ́n pín fún òun. Kò jókòó ro páswọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni títí tó fi mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí ló lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e ṣe ń ṣe é títí dòní.

Ní 2003, NIST, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde tí Bill Burr kọ: kí páswọ́ọ̀dù ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Iléeṣẹ́ káàkiri ayé gba ìlànà náà mọ́ra. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń lo Ibadan2023! yóò sọ ọ́ di Ibadan2024! bí ọdún bá yí, olè tó bá sì ti rí ti àkọ́kọ́ kò ní pẹ́ mọ èkejì. Nígbà tó di 2017, NIST yí ìlànà náà padà. Wọ́n ní gígùn ṣe pàtàkì ju dída àmì pọ̀ lọ, wọ́n sì ní kí a má fipá mú ẹnikẹ́ni pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù àfi tí ẹ̀rí bá wà pé ó ti tú. Burr fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal lọ́dún náà pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ tó ṣì ń lé òṣìṣẹ́ kiri pé kó pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta kò lóǹkà.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé kò béèrè ohun èlò kankan. Fóònù jíjí kò kàn án, dátà tó tán kò kàn án, èèyàn sì lè lò ó ní káfè bó ṣe lè lò ó lórí fóònù tuntun. Àbùkù rẹ̀ ni pé orí ọmọ èèyàn kò lè gba àádọ́ta páswọ́ọ̀dù tí ó gùn, nítorí náà kan náà là ń lò kiri. Nígbà tí wọ́n jí ohun inú ìkànnì RockYou ní 2009, páswọ́ọ̀dù mílíọ̀nù 32 ló bọ́ síta, 123456 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jí ti LinkedIn ní 2012. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Dropbox kan tó lo páswọ́ọ̀dù kan náà níbi méjì ló sì ṣí ọ̀nà fún àwọn olè láti wọ Dropbox. Ìkànnì Have I Been Pwned tí Troy Hunt dá sílẹ̀ ní Australia ní 2013 jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yẹ ímeèlì rẹ̀ wò bóyá ó wà nínú àwọn tó ti tú. Kò gba owó, ó sì tọ́ kí oníkálukú lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un fún àwa tó ń kọ Yorùbá. Gbólóhùn Yorùbá tó gùn lè jẹ́ páswọ́ọ̀dù tó dára, ṣùgbọ́n ká kọ ọ́ láìsí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ ni ẹ̀rọ lè gbà kọ lẹ́tà bíi ẹ̀ tàbí ọ́ sínú. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ìkànnì lè mọ̀ ọ́n, kó sì ti ẹni tó ni àkáǹtì mọ́ta lórí kọ̀ǹpútà nígbà tó jẹ́ pé fóònù ló fi dá páswọ́ọ̀dù náà.

Kíkọ sílẹ̀ àti kíkó sínú áàpù

Bí orí kò bá lè gbà á, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Èrò yìí ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ Bruce Schneier tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ti gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ní 2005 pé kí wọ́n kọ páswọ́ọ̀dù sórí ìwé pélébé, kí wọ́n sì fi í sínú pọ́ọ̀sì. Ó tọ̀nà, torí ọ̀daràn tó wà ní ìlú òkèèrè kò lè ṣí dúrọ́ọ̀ ẹni. Ẹni tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni ẹni tí à ń bá gbélé, bí ilé bá sì jẹ́ èyí tí àlejò àti ará ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde, ìwé náà gba ibi ìpamọ́ tó dára.

Áàpù tó ń kó páswọ́ọ̀dù pamọ́ gba ìgbésẹ̀ kan síwájú. KeePass tí Dominik Reichl ṣe ní Jámánì ti wà láti 2003. Bitwarden dé ní 2016. Google ní tirẹ̀ nínú Chrome, Apple sì yọ áàpù Passwords sọ́tọ̀ ní 2024. Áàpù náà yóò dá páswọ́ọ̀dù tó yàtọ̀ sílẹ̀ fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn yóò sì há sórí. Àǹfààní tí a kì í sábà sọ ni pé ó ń wo àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí gbájúẹ̀ bá ṣe ìkànnì ayédèrú tó jọ ti báńkì tó fi tan ojú wa jẹ, kò tan áàpù náà jẹ. Yóò dákẹ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì ni ìkìlọ̀.

Àtakò tó lágbára jù sí i ni pé ẹni tó bá rí ẹyọ kan ti rí gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LastPass, ọ̀kan nínú irú áàpù bẹ́ẹ̀, ní 2022 ti èyí lẹ́yìn: àwọn olè kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Wọ́n ti dí ohun inú rẹ̀ ní àdììtú, ṣùgbọ́n wọn kò dí àdírẹ́ẹ̀sì àwọn ìkànnì tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n sì ti kó lọ kò ṣeé gbà padà. Ẹni tí páswọ́ọ̀dù àgbà rẹ̀ kò gbópọn ló wà nínú ewu jù. N kò fojú kékeré wo àtakò yìí. Àmọ́ ojú kan náà ni gbogbo páswọ́ọ̀dù wa wà tẹ́lẹ̀, yálà a lo áàpù tàbí a kò lò ó: inú ímeèlì. Ẹni tó bá wọ ímeèlì wa lè tẹ “mo gbàgbé páswọ́ọ̀dù” lórí gbogbo ìkànnì yòókù. Áàpù kọ́ ló dá ewu náà sílẹ̀, ó kàn jẹ́ kí a rí i kedere ni.

Kóòdù orí síìmù

Ọ̀nà yìí ló gbilẹ̀ jù láàárín wa, ó sì yẹ ká dúró tì í. Bí èèyàn bá tẹ páswọ́ọ̀dù tán, ìkànnì á fi kóòdù, tó sábà máa ń jẹ́ oní-nọ́ńbà mẹ́fà, ránṣẹ́ sórí síìmù rẹ̀. Ẹni tí síìmù kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ lè wọlé. Google pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti Yunifásítì New York àti Yunifásítì California ní San Diego gbé àbájáde ìwádìí jáde ní 2019. Kóòdù orí síìmù dí gbogbo ìkọlù tí ẹ̀rọ ń dá ṣe. Ó dí 96 nínú 100 ìkọlù ìkànnì ayédèrú tí wọ́n fi ń dẹkùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì dí 76 nínú 100 èyí tí wọ́n dójú sọ ẹnì kan. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù oníbọ́tìnnì, kò gba dátà, kò sì béèrè ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń sọ pé kò wúlò rárá ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, torí ẹni tó yọ ọ́ kúrò láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di aláìláàbò.

Ṣùgbọ́n 24 tó wọlé nínú 100 kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí olè tan iléeṣẹ́ fóònù láti gbé nọ́ńbà ẹni sórí síìmù tirẹ̀. Ní August 2019, wọ́n gba nọ́ńbà Jack Dorsey, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá Twitter sílẹ̀, lọ́nà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ gbé ìsọkúsọ jáde. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n tọrọ kóòdù náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gba ọ̀pọ̀ WhatsApp: ẹnì kan á pè, á ní òun ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé tàbí ẹ̀bùn, á ní kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. WhatsApp ti fi PIN kejì kún un láti 2017 nítorí irú èyí, àmọ́ ẹni tó bá ni àkáǹtì ló gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tan án.

Ọ̀nà kẹta kò gba ẹ̀tàn kankan. Olè tó já fóònù gbà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lè yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù mìíràn, kóòdù á sì máa wọlé fún un. Ohun tó ń dí èyí wà nínú fóònù gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́: PIN síìmù, èyí tó yàtọ̀ sí PIN ojú fóònù. Bí a bá tan án, síìmù kò ní ṣiṣẹ́ nínú fóònù mìíràn àfi tí wọ́n bá tẹ PIN rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á béèrè PUK, nọ́ńbà tó ń ṣí i padà, bí wọ́n bá sì ṣi PUK lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù náà kú. Kí a tó tan án, ká wá PUK náà, tó sábà máa ń wà lára páálí tí síìmù bá wá, ká kọ ọ́ pamọ́. Ó tún yẹ ká yí ètò fóònù padà kí ọ̀rọ̀ inú SMS má máa hàn lójú fóònù tó wà ní títì, torí ẹni tó bá lè ka kóòdù níbẹ̀ kò nílò láti ṣí fóònù náà.

Ọ̀nà kẹrin ló ń kan àwọn tó ti rìnrìn àjò jù. Ní Nàìjíríà, ìlànà NCC, àjọ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ni pé láìnì tí kò bá mú owó wọlé fún iléeṣẹ́ fóònù láàárín 180 ọjọ́ lè di títì; bí 180 ọjọ́ mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tí kò bọ́ síìmù Nàìjíríà rẹ̀ mọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ nọ́ńbà tó so mọ́ báńkì àti ímeèlì rẹ̀ nù láìmọ̀. Ìṣòro náà kò mọ sọ́dọ̀ wa. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Princeton yẹ nọ́ńbà 259 tí iléeṣẹ́ fóònù méjì ní Amẹ́ríkà fẹ́ gbé fún oníbàárà tuntun wò ní 2021, wọ́n sì rí i pé 171 nínú wọn ṣì so mọ́ àkáǹtì ẹni àná lórí àwọn ìkànnì tó gbajúmọ̀.

Áàpù tó ń mú kóòdù jáde

Google Authenticator, tó ti wà láti 2010, àti irú rẹ̀ kì í dúró de iléeṣẹ́ fóònù. Fóònù àti ìkànnì ti jọ mọ àṣírí kan, àwọn méjèèjì sì ń fi aago ṣírò kóòdù tuntun ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30. Kò gba dátà, síìmù tí wọ́n gbà kò kàn án. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn báńkì wa ń pè ní token bá a tan. Àbùkù àwọn méjèèjì kan náà ni: èèyàn ló ń fọwọ́ tẹ kóòdù náà, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì ayédèrú, tí gbájúẹ̀ á lò ó kí ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó pé. Fóònù tó bá sì sọnù á kó gbogbo rẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni Google fi jẹ́ kí ẹ̀dà wà nínú àkáǹtì Google láti 2023. Inú àwọn kan dùn, àwọn mìíràn sì ní ohun tí a yọ kúrò lórí ayélujára ni wọ́n tún dá padà síbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ tí a lè fọwọ́ mú

Yubico, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sweden ní 2007, ló gbajúmọ̀ jù fún kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà tàbí tí a ń fi kan ẹ̀yìn fóònù. Kò sí kóòdù tí èèyàn máa kà fún ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́rọ́ náà kò sì ní dá ìkànnì ayédèrú lóhùn. Nínú ìwádìí 2019 yẹn, òun nìkan ló dí gbogbo ìkọlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìku ẹyọ kan. Ní 2022, àwọn gbájúẹ̀ kan náà fi SMS tan àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Twilio àti ti Cloudflare. Wọ́n wọ Twilio. Ní Cloudflare, òṣìṣẹ́ mẹ́ta tẹ páswọ́ọ̀dù wọn sílẹ̀ fún wọn, síbẹ̀ wọn kò rí wọlé, torí kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń lò. Kò sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ. Àmọ́ owó òkèèrè ni wọ́n fi ń tà á, méjì lèèyàn gbọdọ̀ rà kí ọ̀kan lè wà nílé, ọ̀pọ̀ ìkànnì kò sì gbà á. Fún akọ̀ròyìn, olóṣèlú tàbí ẹni tó ń ṣàkóso owó ẹgbẹ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò tíì débẹ̀.

Passkey

Ní May 2022, Apple, Google àti Microsoft jọ kéde pé àwọn yóò jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ di irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní passkey. Ìdajì kọ́kọ́rọ́ wà nínú fóònù, ìdajì kejì wà lọ́dọ̀ ìkànnì. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ìkànnì kò wúlò fún olè tó bá jí i. Èèyàn á kàn fi ìka tàbí PIN ojú fóònù ṣí i. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìtẹ̀ka àwọn ń lọ sí Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀, inú fóònù ló ń dúró sí. Ohun tó yẹ kó kó ìrònú báni yàtọ̀. Fóònù tó dàgbà ju Android 9 tàbí iOS 16 lọ kò lè lò ó, irú fóònù bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa. Fóònù tí tọkọtaya tàbí ìyá àti ọmọ jọ ń lò, tí gbogbo wọn mọ PIN rẹ̀, ti fún gbogbo wọn ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Nítorí pé inú àkáǹtì iléeṣẹ́ mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ ń kó passkey wọn sí, ẹni tó ní PIN ojú fóònù lè ní gbogbo rẹ̀. Ní 2023, Wall Street Journal ròyìn àwọn olè tó ń wo PIN iPhone èèyàn nílé ọtí kí wọ́n tó jí i, tí wọ́n á sì ti ẹni tó ni ín mọ́ta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Apple fi ààbò tuntun sí i ní January 2024 nítorí èyí.

Ọ̀nà ẹ̀yìn

Gbogbo èrò tí a ti kà sílẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń wọlé. Ìkànnì tó bá sì gba passkey, ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ kí ẹni tó “gbàgbé” wọlé pẹ̀lú kóòdù orí síìmù, kóòdù orí síìmù ni ààbò rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìpadàwọlé ni ẹnu ògiri yìí. Ní 2008, ẹni tó wọ ímeèlì Sarah Palin, tó ń díje fún ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, kò fọ́ páswọ́ọ̀dù kankan. Àwọn ìbéèrè ìpadàwọlé ló dáhùn, pẹ̀lú ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ wá wo ìbéèrè bí orúkọ bàbá ìyá ẹni tàbí ìlú tí wọ́n ti bí i, nínú àwùjọ tó jẹ́ pé ìwé ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ń kọ gbogbo rẹ̀ síta.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n tò wọ́n, ímeèlì ni n ó fi ṣáájú: páswọ́ọ̀dù tí kò sí níbòmíràn, áàpù kóòdù tàbí passkey, kí a sì yọ nọ́ńbà tí a kò lò mọ́ kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kóòdù ìpadàwọlé mẹ́wàá tí Google ń fúnni, tí a kọ sórí ìwé, tí a sì fi sí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ẹni tó bá ní èyí kò ní bẹ̀rù kí fóònù sọnù. Wọ́n lè ní ìwé náà lè bọ́ sọ́wọ́ ará ilé. Ó lè bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòdù náà nìkan kò ṣí ohunkóhun láìsí páswọ́ọ̀dù.

Ohun tí kò tíì yanjú

A kò tíì mọ bí yóò ṣe rọrùn tó láti kó passkey láti ọ̀dọ̀ Apple lọ sọ́dọ̀ Google; àjọ FIDO, tó ń gbé ìlànà passkey kalẹ̀, gbé àbá ìlànà rẹ̀ jáde ní October 2024, ọ̀rọ̀ kù sí bí àwọn iléeṣẹ́ yóò ṣe mú un lò. A kò tíì mọ ohun tó bá fóònù àjọlò mu, torí gbogbo ohun èlò tuntun yìí ló gbà pé fóònù kan, èèyàn kan. Apple ti ń jẹ́ kí èèyàn yan ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti padà wọlé láti 2021. Èyí bá ìwà wa mu ju kóòdù lọ, ṣùgbọ́n kò dáhùn bí a ó ṣe ṣe é nígbà tó jẹ́ pé ará ilé gan-an ni ọ̀tá. Èyí tó wúwo jù ni ti nọ́ńbà. Nígbà tí nọ́ńbà bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, bóyá nítorí ìrìn àjò tàbí nítorí ikú, iléeṣẹ́ fóònù mọ̀, ìkànnì àti báńkì lè má mọ̀, ẹni tó gba nọ́ńbà náà kò sì mọ ohun tó so mọ́ ọn. Ta ló yẹ kó sọ fún wọn, ta ni yóò sì san gbèsè bí wọn kò bá sọ ọ́?